Wọ́n Ní Ká Dákẹ́ fún Olóhùn-Iyọ̀

Ọkọ mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun yó? Àlàáfíà la wà níbí, orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bí ọlọ́pàá, kò jẹ́ kí n kọjá. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ mi á máa ṣọ́ ọ.

Mo dúpẹ́ fóònù tí o kó orin Olóhùn-Iyọ̀ sí. Tó bá ti kọ méjì, mo máa ń pa á kó lè sinmi, torí ọ̀fun èèyàn kì í ṣe irin. Àbúrò rẹ ní kò sẹ́nì kankan nínú fóònù. Mo ní ta ló wá ń kọrin, ṣé òun ni?

Lọ́jọ́ Ẹtì la ṣèrántí ikú Olóhùn-Iyọ̀ níwájú ilé ìgbẹ̀bí. Kí ilé yẹn tó wà, kẹ̀kẹ́ la fi ń gbé aláboyún lọ sílùú kejì, ọ̀nà yẹn sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Olóhùn-Iyọ̀ ló gbé gìtá jókòó sẹ́nu ọ̀nà kánsù, ó ń fi alága kọrin pé kó kọ́ ilé ìgbẹ̀bí fún wa, títí wọ́n fi tì í mọ́lé. Wọ́n ní kó ṣèlérí pé òun á dákẹ́, àwọn á tú u sílẹ̀. Orin ọ̀hún náà ló kọ fún wọn. Ìgbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé náà, ibẹ̀ ni mo sì bí ọ sí. Títí mo fi máa kú ni n óò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.

Àfi bí ọ̀gá kan láti kánsù ṣe dìde, tó ní ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí olóògbé. Hà! Ohun tí wọn ò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láàyè, òkú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀! Nọ́ọ̀sì ń fa ìró mi, ó ní bí wọ́n ṣe ń bọlá fún òkú nìyẹn. Mo ní kí wọ́n lọ máa bọlá fún bàbá tiwọn bẹ́ẹ̀. Ni mo bá gbé orin tó kọ lẹ́nu ọ̀nà kánsù, pẹ̀lú orúkọ alága àtijọ́ nínú rẹ̀, gbogbo ìyá tó bímọ síbẹ̀ sì gbè é. Ọ̀gá fajú ro, àmọ́ mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ń jó. Nọ́ọ̀sì ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun náà sí.

Jọ̀ọ́, fowó bátìrì ránṣẹ́, ó ti ń rẹ Olóhùn-Iyọ̀ kó tó parí orin kan. Má fi sí báǹkì o, wọ́n tún ní kí n mú ẹ̀rí wá pé èmi ni èmi. Fi rán dẹ́rẹ́bà, òun mọ̀ mí.

O ò ní ráhùn. Ohùn rẹ ò ní há. Tí o bá sì gbó, tí o tọ́, tọ́jọ́ rẹ pé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ rántí rẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ.