Orúkọ Mi Ló Wà Lára Irin Tí Àfẹ́sọ́nà Mi Bà Jẹ́

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé orúkọ mi jáde. Mo ti gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tèmi, mo ń gbé e kiri láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ́ bẹ́ mi nínú. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Iṣẹ́ drawing ni mo ń ṣe ní workshop kan ní Ìlaròó níbí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ là ń ṣe fáwọn tó ń ṣe gàrí. Orí laptop ni mo ti ń yà á, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé irin, àwọn welder á wá jó o pọ̀. Àfẹ́sọ́nà mi náà ń ya drawing níbẹ̀, ẹ jẹ́ n máa pè é ní Dọ̀tun, kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Àwọn èèyàn ẹ̀ ti wá mọ àwọn òbí mi ní Ìdógò, ìdána ló kù... Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, fẹ́ ṣí workshop kejì sí Ayétòrò. Ó sọ lójú gbogbo wa pé tí ẹ̀rọ tuntun tí mo ń yà bá ṣiṣẹ́ dáadáa, èmi ni màá lọ ṣe olórí ibẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò tiẹ̀ wo ojú Dọ̀tun lọ́jọ́ yẹn.

Irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yẹn ló wá fún mi ní wàhálà. Ihò kan wà lára ẹ̀ tí ọ̀pá àárín àgbá tó ń rin ẹ̀gẹ́ máa gbà kọjá. Bí mo bá ti yí dimension kan padà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ìwọ̀n ìlà, gbogbo ìlà á pọ́n, software á ní dimension ti pọ̀ jù, pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Mo yọ èyí, mo fi tọ̀hún, pàbó ló ń já sí. Mo bẹ Dọ̀tun pé kó bá mi wò ó. Ó ní kí n dìde, kí n lọ jẹun. Nígbà tí mo máa fi padà dé, pupa ti lọ, gbogbo nọ́ńbà pé. Mo dúpẹ́ títí, mo tún ra mínírà fún un. Ṣebí èmi ni mo bẹ̀ ẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í gé irin láìjẹ́ pé Bàbá pe nọ́ńbà sókè látinú paper, kí ẹni tó yà á máa dáhùn pé ó pé. A ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tí ò pé níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń gé irin kì í ka nọ́ńbà, ìlà ló ń tẹ̀ lé... Nígbà tí wọ́n jó o pọ̀ tí wọ́n tan án, àgbá ń ha ìsàlẹ̀ gààràgà, níwájú àwọn ìyá tó ti Ọjà-Ọ̀dàn wá gbà á. Bàbá fúnra ẹ̀ pa ẹ̀rọ náà. Dọ̀tun ló sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti ń kìlọ̀ fún mi pé kánjúkánjú mi ti pọ̀ jù.

A ní àṣà kan, irin tí ẹnikẹ́ni bá bà jẹ́, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ onítọ̀hún sí i, wọ́n á so ó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà títí ẹlòmíì á fi ba tiẹ̀ jẹ́. Ẹ̀fẹ̀ la máa ń fi ṣe. Dọ̀tun ló gun àkàbà lọ so tèmi kọ́.

Mo padà ṣí drawing yẹn, mo wọn ìlà fúnra ẹ̀. 150 mm ni nọ́ńbà tó wà níbi gíga ihò yẹn láti ìsàlẹ̀, ìlà ò ju 142 lọ. Ẹni tó bá mọ software yìí mọ̀ pé kì í ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀, àfi kí èèyàn fọwọ́ tẹ nọ́ńbà mìíràn lé èyí tó jẹ́ òótọ́ lórí. Èmi àti ẹ̀ nìkan la sì fọwọ́ kàn án. Mo bi í. Mo rò pé á jiyàn, kò tiẹ̀ jiyàn...

Ó ní, “Ṣé kí n wá máa jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ìyàwó mi ni? Tá a bá fẹ́ra tán, wàá rí i pé mo gbà ẹ́ là ni.”

Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó dùn mí wọra. Ká ní ó fẹ́ Ayétòrò fúnra ẹ̀ ni, ǹ bá ní ojúkòkòrò ni, àmọ́ kò tiẹ̀ fẹ́ ẹ, kí n má ṣáà ti débẹ̀ ni tiẹ̀. Ta ni mo fẹ́ fẹ́ gan-an?

Màmá mi ní kí n dákẹ́, pé irin ló bàjẹ́, èèyàn ò kú, ọkọ ló ṣòro láti rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n lọ tú àṣírí ẹ̀ fún Bàbá. Bàbá sì ti ní kí n wá ṣàlàyé lọ́jọ́ Ajé, kí òun tó pinnu ẹni tó ń lọ Ayétòrò. Tí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ Dọ̀tun lọ nìyẹn, ìdána náà tú. Tí mo bá dákẹ́, Ayétòrò lọ, èmi á sì máa jẹ́ ẹni tó ń ba irin jẹ́.

Òjò rọ̀ lánàá. Nígbà tí mo dé iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, mo bá Dọ̀tun lórí àkàbà. Òjò ti fọ orúkọ mi kúrò lára irin yẹn, ó mú ṣọ́ọ̀kì dání, ó ń tún un kọ. Ó bojú wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé mo lè fẹ́ ẹni yìí? Kí ni kí n sọ fún Bàbá lọ́jọ́ Ajé?