Sílípáàsì Tó Wà Nínú Yàrá Ewébẹ̀

Vilimaina, aya mi,

Ara mi le níbi oko èso ní Ọsirélíà. Ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn mí díẹ̀. Inú mi dùn pé látìgbà tí ìjì ti ba oko wa nílé jẹ́, ilé mẹ́fà lábúlé wa ti ń gbin ewébẹ̀ sínú yàrá. Mo fi àwọn fọ́tò ewébẹ̀ lẹ́túùsì tiwa tó o fi ránṣẹ́ han Jone tá a jọ ń gbé. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, tíṣà tó ń kọ́ ìyàwó yín ní ọ̀gbìn inú yàrá mà wà nínú gbogbo fọ́tò o!"

Mi ò jowú o. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà ìta wọ yàrá ewébẹ̀. Àmọ́ sílípáàsì tó wà lẹ́sẹ̀ tíṣà yẹn, tèmi ni.

Bá mi kí Màmá àtàwọn ọmọ. Kí tíṣà náà. Ní kó rọra máa tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ni ín ń bọ̀.

Sakiusa, ọkọ rẹ.