Ẹ Má Dúró Dè Mí Kí Ẹ Tó Dárúkọ Ìyá Mi

Ìyá mi kékeré, Ìyá Sẹ̀kínà, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ojú lọ́nà. Èmi Làmídì dọ̀bálẹ̀ láti Kùmásí níbí, bí orúnkún ò tilẹ̀ jẹ́ kí n tètè dìde mọ́. Mo kí Sẹ̀kínà àbúrò mi, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí baálé agbolé wa àti gbogbo ará Ṣakí. Mo mọ̀ pé Sẹ̀kínà ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Mo sì ti ní kí ẹgbẹ́ ọmọ Ṣakí tó wà níbí tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wọn, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan.

Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ka ìwé dé yunifásítì ló ń gba yàrá lọ́wọ́ mi. Kò sí ilé kan ní àdúgbò wa níbí tí ìṣó mi ò sí lára rẹ̀. Orí àtẹ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ìṣó àti àgádágodo. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni orúkọ mi wà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ní n ò ṣe dáadáa, kó wá wò ó.

Òjò ò jẹ́ ká gbádùn láti ìjẹta. Bó bá ti ń rọ̀ báyìí, oníbàárà kì í yọjú, èmi nìkan a jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, mò ń wo omi. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ ti gba ọ̀nà ìlú òyìnbó lọ. Ilé tí mo kọ́ ní yàrá méjìlá, èmi àti àwọn ayálégbé ló kù síbẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí ẹni bá sọ Yorùbá.

Inú irú òjò bẹ́ẹ̀ ni mo wà nígbà tí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa ní Ṣakí dé orí fóònù mi. Ẹ ti rí wọn bí wọ́n ṣe ń rìn kiri nínú itẹ́ òkú. Wọ́n á dúró síbi sàréè kan, fóònù á mú ojú ibẹ̀ gan-an, wọ́n á wá kọ orúkọ òkú náà sí i, agbolé rẹ̀, àti ọdún tó kú. Ibi yòówù kéèyàn wà láyé, tó bá tẹ orúkọ èèyàn rẹ̀, máàpù á gbé ibi tó sùn sí jáde, pẹ̀lú àwòrán ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn sàréè wa ò ní àmì, àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n sì ń tán lọ.

Mo ní kí n dán an wò ná. Mo tẹ orúkọ Sùlè alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ kéwú, kí n lè rí i pé kò ní jáde, torí mo gbà pé Sùlè wà láyé. Ó jáde. Ọdún kejì rèé tó ti kú. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kejì, mo wá ìyá mi. Ìyá Làmídì ni mo tẹ̀. Ìyá Làmídì pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni ń ka àgbàdo, kò sí ti agbolé wa nínú wọn. Mo pe olórí àwọn ọ̀dọ́ náà. Ó kí mi títí. Ó ní àwọn mọ ibi tí ìyá mi wà, lábẹ́ igi òrí níhà ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, pé ẹ̀yin lẹ fi ibẹ̀ han àwọn, ṣùgbọ́n ẹ ò dárúkọ. Torí náà, “obìnrin kan” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Inú bí mi. Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní kó kọ Ìyá Àlàájì Làmídì síbẹ̀ gàdàgbà. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, Ìyá Làmídì ti pọ̀ jù nílẹ̀, kí ni orúkọ tiwọn gan-an? Mo ní kó jẹ́ kí n pè é padà.

Ìyá mi kékeré, n ò mọ orúkọ ìyá mi. Ta ni ìbá sọ ọ́ fún mi? Bàbá ń pè é ní Ìyá Làmídì. Ẹ̀yin ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ń pè é ní Màámi. Bẹ́ẹ̀ mo mọ orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìṣó, láti Téma títí dé Ṣáínà.

Mo wá pè yín. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ọlọ́lá Kùmásí ti wá ń tọrọ orúkọ. Ẹ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe ohun tí ẹ ó máa pè sínú fóònù bí ẹni ń pe ọlọ́kadà, pé bí mo bá fẹ́ gbọ́ ọ, kí n wá jókòó lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ ní nígbà tó kú, àgbò tí mo fi ránṣẹ́ ló dé, èmi ò dé.

Òótọ́ ni. Wọ́n ti sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, n ò lè bá a. Ṣùgbọ́n ǹ bá dé fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mò ń kọ́ òkè ilé mi lọ́wọ́ nígbà náà, mo wá sọ fún yín pé kò sí ọkọ̀. Ọkọ̀ wà. N ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

Nísinsìnyí tí mo fẹ́ wá, dókítà ní ọkàn mi ò lè gba ìrìn ẹnubodè mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ òfurufú. Ẹ má bínú sí Sẹ̀kínà, òun ló sọ fún mi pé ẹ bi òun lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá ìyá mi ti ti oko Ìlerò dé. Ẹ̀rù bà mí. Bí ẹ bá ń dúró dè mí, orúkọ náà lè sọnù mọ́ wa lọ́wọ́, “obìnrin kan” ni yóò sì máa jẹ́ títí ayé.

Torí náà, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi, n kò yẹ lẹ́ni tó ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Màá kà á lórí fóònù bí àlejò ṣe ń kà á. Ẹ̀yin ọmọ Ṣakí tí ẹ wà lẹ́yìn odi, bí ìyá yín bá ṣì wà láyé, ẹ bi í léèrè orúkọ rẹ̀ lónìí.

Níbí ni wọn ó sin èmi sí, ó ti dá mi lójú. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ orúkọ mi ní Ṣakí, kò ní rí mi. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí wọ́n kọ tèmi gàdàgbà sórí ti ìyá mi nìyẹn, kí n lè wà nílé. Mo ti yí i padà. Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú. Bí àyè bá kù, kí wọ́n fi tèmi tẹ̀ lé e ní lẹ́tà kékeré. Ó ti gbé orúkọ mi kiri tó.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iyè yín jí, kó lọ́ra ẹ̀mí yín, kó tẹ́ àwọn tó ti lọ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Làmídì.