Ohun tí Òjò Gbé Dìde Lóko Wa

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ láti ilé. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìdẹ̀ra, kí iṣẹ́ má sì gba oorun lójú rẹ. Àwa náà wà, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

Ìyá rẹ sọ fún ọ lórí fóònù pé ọ̀fìnkìn lásán ló mú òun. Kì í ṣe òótọ́. Òun ló ní kí n má sọ, kí o má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀ sáré wálé. Ní báyìí tó ti bọ́ lọ́wọ́ ikú, n kò lè pa á mọ́ra mọ́.

Ṣé o rántí ọdún tí o wá bu ilẹ̀ oko wa lọ sí yàrá àyẹ̀wò yín, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò? O jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, o ní, "Bàbá, bí oòrùn bá gbẹ òkè ilẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn á sá wọ ìsàlẹ̀ lọ, síbi tó ṣì tutù. Tí òjò bá wá rọ̀ tí omi dúró, wọ́n á tún gòkè, wọ́n á sì pọ̀ sí i. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán wọ oko nígbà náà, pàápàá bí ẹ bá ní egbò." Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní ilẹ̀ tó bọ́ bàbá mi, ṣé òun ló máa pa mí ni?

Lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀rùn pẹ́, òjò wá dé bí ẹni dojú àmù kọlẹ̀. Omi dúró sáàárín poro. Ọkọ́ ti ha ìyá rẹ ní gìgísẹ̀, ó sì wọ inú ẹrẹ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ara rẹ̀ gbóná, ikọ́ tẹ̀lé e.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tọ́jú ibà fún ọjọ́ mẹ́rin, ara kò rọlẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún ni ọ̀rọ̀ rẹ sọ sí mi lọ́kàn. Mo rò ó fún dókítà bí o ṣe sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá, ta ló kọ́ yín?" Mo ní, "Ọmọ mi ni." Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn, wọ́n rí kòkòrò náà, wọ́n sì yí oògùn padà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi gún un lábẹ́rẹ́. Oògùn oníhóró ló ń lò báyìí, oṣù mẹ́ta ni yóò sì fi lò ó.

Ohun kan wà tí n kò lè gbàgbé. Nígbà tí ara rẹ̀ ń gbóná, orúkọ rẹ ló fi ń pe nọ́ọ̀sì kan. Nọ́ọ̀sì náà kò já a ní koro, ó ń dáhùn pé, "Mo wà níbí, Màámi." Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ojú ìyá rẹ wálẹ̀, tó rí i pé kì í ṣe ìwọ, ó kọjú sí ògiri.

A ti ra bàtà rọ́bà. Ó ní ó ń jẹ́ kí òun máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n ó ń wọ̀ ọ́.

O ní kí n bu ilẹ̀ òjò ọdún yìí ránṣẹ́ sí ọ nínú ìgò. N kò ní fi ránṣẹ́. Wá bù ú fúnra rẹ. Ìyá rẹ ń gbá yàrá rẹ láràárọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan sùn síbẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ìmọ̀ tó gba ìyá rẹ là kò ní já ọ kulẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó ń wo ọ̀nà.

Àfikún: Ìyá rẹ ló ń kọ èyí. Má dá bàbá rẹ lóhùn, gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ. Ọjọ́ wo lo ń bọ̀?