Iṣẹ́ Tí Kò Sí Nínú Ìwé: Ìgbésí Ayé Bàbá Ẹ-Dá-A-Padà

Nínú ilé onípákó kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun, ní òpópónà tó sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté, ni a ti bí olóògbé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1951. Akànkọ̀ ni bàbá wọn. Ìdajì àwọn ọkọ̀ tó wà létí omi nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Ìyá wọn ń ta okùn àti ìwọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́bàá ọjà ẹja. Ìyá yìí máa ń sọ pé ìjì ń jà lọ́jọ́ tí òun bí ọmọ náà, àti pé kò tètè ké. Ó kọ́kọ́ yí ojú sí fèrèsé bí ẹni tó ń yẹ ojú ọjọ́ wò. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àsọdùn ni, àwọn tó mọ Bàbá nígbà tí wọ́n dàgbà kò bá a jiyàn.

Ní ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn dára débi pé olùkọ́ máa ń gbé ìwé wọn kiri kíláàsì. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá dé, àyà wọn á máa já. Wọ́n á dáhùn tán, wọ́n á tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, títí olùkọ́ á fi já bébà gbà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1963, igi ọkọ̀ já lu ọwọ́ ọ̀tún bàbá wọn, iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn sì dúró. Bàbá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn lọ sómi. Ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ìyá yìí kì í ta àwọ̀n. Ìgèrè ló ń dẹ, apẹ̀rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ rọrùn láti wọ̀ tó sì ṣòro láti jáde, fún edé ńlá inú òkun, èyí tí àwọn tó ń rà á ń pè ní lọ́bísítà. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni Bàbá ti kọ́ òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Bí ìgèrè bá mú edé tó gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, wọn kì í gbé e lọ sílé. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gé igun kékeré kan lára ìrù rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sómi. Bí ẹlòmíràn bá tún mú un lọ́dún tó ń bọ̀, kódà kó má sí ẹyin lábẹ́ rẹ̀ mọ́, ààmì ìrù yẹn á sọ fún un pé abiyamọ nìyí, òun náà á sì dá a padà. Kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ òfin yìí. Bàbá ló wá sọ ara wọn di ọlọ́pàá rẹ̀. Láti inú ọkọ̀ wọn ni wọ́n ti máa ń nahùn sí àwọn ọkọ̀ tó kù pé, "Ẹ dá a padà." Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ wọn nìyẹn, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lórí ìjókòó lónìí kò gbọ́ òmíràn rí.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 1976, wọ́n gbé aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí èbúté níyàwó. Màmá ní ohun tó mú òun nífẹ̀ẹ́ wọn ni pé òun rí ọkùnrin kan tó so ọkọ̀ rẹ̀, tó lọ, tó padà wá yẹ okùn wò, tó tún lọ, tó tún padà. Òun sọ nínú ara òun pé ẹni tó lè ṣọ́ okùn báyìí, á ṣọ́ ìyàwó. Nígbà tó pẹ́, Màmá ló tún ń ráhùn pé bí Bàbá bá ti ilẹ̀kùn tán, wọ́n á padà wá tì í wò, àti pé lọ́jọ́ kan wọ́n á dìde lórí ibùsùn láti wò ó bóyá àwọn fúnra wọn ló sùn síbẹ̀.

Ọ́fíìsì ìgbéyàwó lọ́jọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo ọjọ́ ayé Bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ní edé ńlá ni àwọn ń pa. Akọ̀wé ṣí ìwé gbàǹgbà kan tí orúkọ gbogbo iṣẹ́ tí ìjọba mọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó fi ìka wá a lọ, ó fi wá a bọ̀. Ó ní apẹja wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja ni òfin sọ, edé kì í sì í ṣe ẹja. Ó kọ "Òmíràn". Màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Òmíràn. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ohun kan náà ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí àwọn ọmọ, àfi ti ọmọ kẹta, tí akọ̀wé ibẹ̀ kọ "Kò níṣẹ́", tí omi òkun kò sì tíì gbẹ lára ṣòkòtò Bàbá níwájú rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1989, ìjì ká ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́, tí òun náà ń dẹ ìgèrè, mọ́ ojú omi. Ọkọ̀ padà wá sétí omi. Ọ̀rẹ́ kò padà. Ọ́fíìsì kan wà tó ń ran ìdílé apẹja tó bá kú sómi lọ́wọ́, Bàbá ló sì sin opó náà lọ síbẹ̀. Àwọn akọ̀wé ibẹ̀ wo ìwé, wọ́n ní ọ̀rẹ́ Bàbá kì í ṣe apẹja, Òmíràn ni, kò sì sí ohun tí òfin pèsè fún Òmíràn. Bàbá padà délé, wọ́n jókòó sórí àga ilé ìdáná láìbọ́ bàtà, wọ́n ń wo àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù tó wọ inú wọn lọ́jọ́ yẹn kò jáde mọ́. Wọ́n sọ ọ́ fún Màmá pé bí omi bá gbé àwọn lọ, ìjọba á ní kò sí ẹni tó lọ.

Ní ọdún 1990, Bàbá kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ pé kí ìjọba ka edé ńlá pípa sí iṣẹ́, kí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun sì yéé fọ́ ìgèrè àwọn. Èsì tó dé ni pé, "A ti rí lẹ́tà yín, a ń gbé e yẹ̀ wò." Ní ọdún 1994, àwọn tó ń dẹ ìgèrè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi Bàbá ṣe akọ̀wé. Lẹ́tà mọ́kànlélógún ni wọ́n kọ ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo bisikíìtì kan lábẹ́ ibùsùn wọn. Bí agbélẹ́tà bá yà sí òpópónà náà, Bàbá á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kó tó dé ilé kẹta.

Ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ ni Bàbá. Wọn kì í pa ìsìn jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń jókòó sí, kí wọ́n lè máa gbọ́ atẹ́gùn. Olórí ìjọ máa ń dá wọn lápàárá pé etí kan ni wọ́n gbé wá. Ní ọdún 2003, àwọn ni wọ́n sáré kiri títí a fi rí òrùka agbẹ̀mílà, èyí tí a ń jù sí ẹni tó bá ṣubú sómi, so mọ́ gbogbo òpó èbúté, àwọn náà ni wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ènìyàn mẹ́fà ni òrùka yẹn ti fà yọ. Méjì nínú wọn wà láàárín wa lónìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, lẹ́tà dé pé olùyẹ̀wò kan ń bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ rí i bóyá edé tí ẹgbẹ́ náà ń pa tó ohun tí a lè pè ní iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá kò fi jẹun yó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta, ni olùyẹ̀wò dé, obìnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó wọ bàtà rọ́bà tó tóbi jù ú lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé àpótí ńlá síwájú rẹ̀, edé kún un dẹ́nu. Inú gbogbo èèyàn dùn. Bàbá tẹ̀ síwájú láti ṣí i dáadáa, ni wọ́n bá rí igun tí a gé lára ìrù ọ̀kan. Wọ́n yí òmíràn padà, ààmì wà níbẹ̀. Àṣé olórí àwọn atukọ̀, tí wọ́n ń pè ní Wàràwàrà, ti sọ fún àwọn ọkọ̀ pé kí wọ́n má dá ohunkóhun padà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí àpótí lè kún lójú ìjọba. Nínú edé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mọ́kànlélógún ló jẹ́ abiyamọ.

Bí Bàbá bá dákẹ́, olùyẹ̀wò kò ní mọ̀. Ohun tí wọ́n ti ń tọrọ láti ọgbọ̀n ọdún ló wà níwájú wọn yẹn, àwọn nìkan ló sì lè bà á jẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, kò le rárá, pé, "Ẹ dá a padà." Kò sẹ́ni tó mira. Ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ wọ́n sómi fúnra wọn, títí ó fi ku mẹ́tàlá nínú àpótí. Olùyẹ̀wò béèrè pé kí ni ààmì ìrù yẹn. Bàbá ṣàlàyé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó dúpẹ́, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Oṣù mẹ́rìnlá ni a kò fi gbọ́ nǹkan kan. Wàràwàrà sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ fún wa." Àwọn kan kò kí wọn mọ́. Ohun tó dun Bàbá jù ni pé àwọn náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ sí ara wọn. Wọn kì í sùn dáadáa mọ́, ìgbà náà sì ni àìsàn ọkàn tó ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀ wá jókòó sí wọn lára.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2022, rédíò kéde pé ìjọba ti ka edé ńlá pípa sí iṣẹ́ lábẹ́ òfin, àti pé ààmì ìrù ti di òfin fún gbogbo etí omi, nítorí olùyẹ̀wò jábọ̀ pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ti ń ṣọ́ ọ fúnra wọn láìsí ẹni tó rán wọn. Èbúté hó. Wàràwàrà wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá, kò mọ ibi tí yóò fojú sí. Bàbá ní kó dìde. Wọ́n ní, "Ìwé ńkọ́?" Ó ní ìwé ń bọ̀. Bàbá ní bí ìjọba ti ń wí láti 1990 nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ ẹnu, atẹ́gùn ló ń gbé e lọ.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè agbélẹ́tà. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú wọn, wọ́n di ọwọ́ àkọ́bí wọn obìnrin mú, wọ́n ní, "Ìyá mi, bí o bá lọ forúkọ ikú mi sílẹ̀, gbé agolo yẹn dání. Má jẹ́ kí wọ́n kọ Òmíràn sí mi lọ́rùn." Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 2022, Bàbá papò dà ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ìwé kò tíì dé.

Wọ́n fi aya, aránṣọ àtàtà, sáyé lọ. Ọmọ mẹ́rin: àkọ́bí wọn obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkùnrin tó jogún ọkọ̀ àti ìgèrè, olùkọ́ obìnrin, àti àbíkẹ́yìn tó jẹ́ mẹkáníìkì. Ọmọ ọmọ mẹ́sàn-án. Ọmọ ọmọ ọmọ kan ṣoṣo, tí kò tíì mọ̀ pé Bàbá máa ń lọ yẹ òun wò lórí ibùsùn bóyá òun ń mí. Àbúrò obìnrin méjì wà láyé, àti opó ọ̀rẹ́ wọn, tí Bàbá kò jẹ́ kí ilé rẹ̀ ṣófo láti 1989.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ikú, àkọ́bí gbé agolo bisikíìtì náà, ó lọ forúkọ ikú sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tí bàbá rẹ̀ ti forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fáànù tó ń dún, ó ń ka ohun tí yóò sọ fún akọ̀wé sínú, ó ti múra ìjà. Ó ti tú ìdérí agolo sílẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Akọ̀wé, ọkùnrin kan tí gíláàsì wà ní ṣóńṣó imú rẹ̀, béèrè orúkọ, ó béèrè ọjọ́ orí. Ó ní, "Iṣẹ́ wọn ńkọ́?" Ọmọ náà dá a lóhùn pé, "Edé ńlá ni wọ́n ń pa." Akọ̀wé kò gbójú sókè. Ó fi ìka wá a nínú ìwé gbàǹgbà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán, ìka náà dúró. Ó ní, "Inú ọkọ̀ tiwọn ni, àbí wọ́n ń bá ẹlòmíràn ṣe é?" Orí méjì ni ìjọba pín iṣẹ́ náà sí nínú ìwé tuntun yẹn. Ọmọ náà ní, "Ọkọ̀ tiwọn ni, sà." Akọ̀wé kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀, ó na ìwé ikú náà sí i, ó pe ẹni tó kàn. Ọmọ náà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó lè sunkún.

Ìwé náà ti wà nínú agolo báyìí, òun ló wà lókè pátápátá.

Bàbá, ìwé dé. A ti so ọkọ̀, a ti ti ilẹ̀kùn, a sì ti padà lọ yẹ méjèèjì wò. Ẹ má dìde mọ́. Ẹ sùn, kí ọkàn yín balẹ̀.