Agolo Tí Ń Fi Iná Pamọ́

Ajé, 2 avril 1979
Èmi ni ọba iná ní gbogbo Niamey. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń mú wáyà tí iná wà lára rẹ̀. Iná ló ń gbọ̀n, kì í ṣe èmi. Ó ti tó ìgbà ẹgbẹ̀rún.

Ẹ̀gbọ́n mi Gàfárù ra ẹ̀rọ oníná kan ní àdúgbò Poudrière. Iná ló ń yí i tẹ́lẹ̀, òun náà ń yí ọlọ jéró. Ní báyìí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni Gàfárù fẹ́ kó máa yí i, kó lè máa bí iná fún wa. Ìyá wa — Sójà ni mò ń pè wọ́n níbí, wọn kì í gba àwáwí — ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Ọjọ́rú, 4 avril
Ó tàn! Gílóòbù mẹ́ta! Iná ìjọba ò sí ní gbogbo Banifandou, àdúgbò wa, tiwa ń tàn.

Agolo mẹ́ta ló wà lára ẹ̀rọ náà, kọ̀ńdẹ́ńsà. Láìsí wọn, yíyí lásán ni. Gàfárù ní bí ẹ́ńjìnnì bá kú, iná ṣì lè wà nínú agolo. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí n fi irin so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí iná inú rẹ̀ kú. Pípa agolo nìyẹn. "Iṣẹ́ tìẹ nìyẹn, Onírọ́." Orúkọ tó sọ mí nìyẹn.

Mo pa á. Ó dún pàù, bí ìbọn.

Ọjọ́bọ̀, 5 avril
Ooru. Kò sí nǹkan kan.

Ẹtì, 6 avril
Àbdùlkàdírì, ará ilé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Arlit níbi tí wọ́n ti ń wa uranium, ń mú ọ̀gá rẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹ̀rọ bá wù ú, ó máa gba Gàfárù síṣẹ́. Sójà ti ròyìn dé mọ́ṣáláṣí.

Àbámẹ́ta, 7 avril
Wáyà agolo kan tú. Gàfárù já agolo kúrò lára ẹ̀rọ, ó pa ẹ́ńjìnnì. "Ṣé o ti pa agolo?" Mo ní, "Wallahi Bùròdá, mo ti pa á tipẹ́."

Ó fọwọ́ kàn án. Iná jù ú nù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sábẹ́ bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì tí kò tíì dúró.

Àìkú, 8 avril
Ìka mẹ́ta ló já. Sójà ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ajé, 9 avril
Wọ́n dé. Èmi ni mo tan ẹ̀rọ. Ó tàn dáadáa. Ọ̀gá, ànàsáárà, òyìnbó kan tó ga, wo gílóòbù, ó wo báńdéèjì. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Àbdùlkàdírì ò wo ojú ẹnì kankan: "Ó ní kí ọwọ́ san ná."

Ìka kì í hù.

Gàfárù sọ fún wọn pé òun lòún gbàgbé láti pa agolo.

Irọ́ ni ohun tí mo kọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Mi ò fọwọ́ kan iná rí. Ẹ̀rù ìró agolo yẹn ń bà mí láti ọjọ́rú. Ìdí tí mi ò fi pa á nìyẹn. Gbogbo ayé ló mọ̀ mí sí Onírọ́, òun gan-an ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó gbà mí gbọ́.