Ìtọ̀ Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Méjìdínlógójì

Mofìyìnfólúwa ọmọ mi,

Kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, kí ẹ̀rù má baà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi kí n tó dé ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Ìtọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa méjìdínlógójì tí àwọn oníṣègùn gbà ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, tí ìwọ àti àwọn ọ̀gá rẹ ń fi ṣe ìwádìí títí di òní, èmi nìkan ni mo tọ gbogbo rẹ̀.

O kú iṣẹ́ o. Ara mi le, ara ìyá rẹ Edith náà le, ewúrẹ́ wa sì bí mẹ́ta. Olúwa tí ń ṣọ́ ọkọ̀ lórí ọ̀sà yóò máa ṣọ́ ọ ní Yábàá, kò ní jẹ́ kí ohun tí o ń dà pọ̀ nínú ìgò bú gbàù mọ́ ọ lójú.

Mo rí fọ́ọ̀mù ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbà lára wa, tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, tí o ní kí n fi àmì síbi tí mo bá ti gbà. Mo fi bírò fa àmì náà, kò mú. Mo fi máákà fà á, ó mú, ṣùgbọ́n ojú fóònù ti dúdú báyìí, n kò sì mọ̀ bóyá àmì náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Fàsásì apẹja, aládùúgbò wa, ní kí n bi ọ́ bóyá inú fìríìjì kan náà ni ẹ ó kó ẹ̀jẹ̀ òun àti ti Daniel tí wọ́n jọ ń pẹja sí, torí wọn kò tíì parí ìjà àwọ̀n, kò sì fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ Daniel máa ba òun jẹ́ lójú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Mo ní ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé á ti ronú sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ronú sí i.

Ọ̀rọ̀ tí o bá ìyá rẹ sọ ló mú kí n kọ ìwé yìí. O ní ohun kan wà nínú omi tí a ń rẹ èèpo àgbọn sí lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, tó ń pa ìṣáwùrú tí ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá kiri, tí kò sì pa ẹja. Pé ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ọmọ wa kankan. O ní ẹ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ ó pín oògùn fún gbogbo abúlé etí omi, àfi tiwa, nítorí pé tiwa mọ́. Mofìyìn, tiwa kò mọ́.

Èmi ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Àwọn oníṣègùn fún mi ní ìgò, wọ́n ní àwọn á wá gbà á láago mẹ́wàá ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ gbé e dé láàárọ̀, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú rẹ̀ pupa bí omi sóbò. Orúkọ àrùn yẹn ló dójú tì mí. Báwo ni àlejò yóò ṣe gbọ́ pé àtọ̀sí wà lára ọmọ tí èmi, olórí akọrin Mẹ́tọ́díìsì, ń kọ́? A kì í gbé oúnjẹ tó ti bàjẹ́ fún àlejò, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtọ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo fọ ìgò, mo mu omi àgbọn mẹ́sàn-án, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá rẹ bi mí pé kí ni mo ń lọ bọ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ṣé ẹ̀gẹ́ ni mo ń bomi rin ni. Mo ní iṣẹ́ ìjọba ni.

Inú àwọn àlejò dùn. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu kò ju pé gbogbo ọmọ náà ló ní ṣúgà nínú ìtọ̀. O ní ẹ ti kọ ojú ìwé mọ́kànlá lórí ṣúgà yẹn. Ọmọ mi, àtọ̀gbẹ mi ni. Ọdún kẹfà lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé mo ní in. Ká ní mo fi orúkọ ara mi sí ìgò kan péré ni, wọn ìbá ti sọ fún mi.

Torí pé ìwé wọn ní a mọ́, kò sẹ́ni tó gbé oògùn wá. Suwebat tí ẹ jọ jókòó ní kíláàsì, tó ń yan ẹja ní Ajido báyìí, inú ṣì ń run ún, ọmọ rẹ̀ obìnrin náà sì ti ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní kí Bàbá wa bá òun bẹ Mofìyìn, bóyá oògùn á ṣẹ́kù láti abúlé mìíràn. N kò lè wò ó lójú.

Owó oṣù yìí tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi, fi ra oògùn kún èyí tí ẹ ń gbé bọ̀. Bí nǹkan bá kù níbẹ̀, bá mi ra fóònù mìíràn, èyí tí ojú rẹ̀ gba bírò. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìtìjú sọ ọ́ di òpùrọ́ bó ti sọ mí. Kí iṣẹ́ rẹ pẹ́ láyé ju irọ́ mi lọ.

Mo fi ìwé kékeré kan sínú lẹ́tà yìí. Kí n tó da ti inú ìgò kọ̀ọ̀kan nù ni mo kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, torí olùkọ́ ni mí, mo sì fi í pamọ́ títí di òní. Orúkọ tìrẹ ló ṣáájú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́, pupa ni tìrẹ. Fítámìn tí mo lọ rà fún ọ ní Badagry lọ́sẹ̀ yẹn kì í ṣe fítámìn. Ìwọ nìkan ni mo ra oògùn fún. Gba ìwé náà, kí o fi wá méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Josiah